Ẹ Bi Màmá Eléré: Ta ni Althea Gibson tó ṣáájú Serena?

Lóṣù tó kọjá, mo kọ ọ́ sójú ìwé yìí pé Althea Gibson ló la ọ̀nà tí Serena Williams gbà kọjá nínú tẹ́níìsì. Gbólóhùn kan péré ni o! Lẹ́tà tó ti ìdí rẹ̀ jáde kò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹ̀yin tí ẹ bi mí nípa bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ẹ forí jì mí, ó di oṣù tó ń bọ̀. Àwọn tó di rákẹ́ẹ̀tì mú ló ni tòní.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Onígbàjámọ̀ ni mí ní Sábó, Ilé-Ifẹ̀. Ohun tí ẹ kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ṣọ́ọ̀bù mi ká. Oníbàárà mi kan ní Serena ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba Wimbledon, ìdíje tẹ́níìsì ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ní Venus ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. A ti fi iyán ẹlẹ́ran ìgbẹ́ ta tẹ́tẹ́. Ta wá ni Althea tí ẹ mú wọ̀ ọ́ yìí, kí ló sì gbà?

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ pàdánù, nítorí náà ẹ gbé iyán náà wá sílé mi. Ìwọ lo tiẹ̀ sún mọ́ ọn díẹ̀, torí Venus gba ti ọdún 2000, Serena sì gba ti 2002. Ṣùgbọ́n Althea Gibson ti gba Wimbledon láti 1957, nígbà tí wọn ò tíì bí bàbá ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gẹrun lọ́dọ̀ rẹ. Ọmọ Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, Darlene Hard, ló nà ní àṣekágbá, 6-3, 6-2, Ọbabìnrin Elizabeth fúnra rẹ̀ ló sì fi àwo fàdákà lé e lọ́wọ́. Àwo ni wọ́n ń fún obìnrin ní Wimbledon, ife ni wọ́n ń fún ọkùnrin. Ó dà bíi pé ẹni tó ṣètò ẹ̀bùn náà rò pé ilé ìdáná ni gbogbo obìnrin ń gbà lọ.

Ibẹ̀ kọ́ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1956 ló ti gba ìdíje ilẹ̀ Faransé, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó gba ọ̀kan nínú ìdíje mẹ́rin tí gbogbo ayé kà sí àgbà: ti Ọsirélíà, ti Faransé, Wimbledon àti ti Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn Wimbledon 1957 ó gba ti Amẹ́ríkà lọ́dún kan náà. Ní 1958 ó tún padà gba méjèèjì. Márùn-ún nìyẹn tó dá nìkan gbà. Bí o bá fi èyí tóun àti ẹnìkejì jọ gbà kún un, ó di mọ́kànlá.

Nígbà tó gbé àwo Wimbledon dé New York, wọ́n fi mọ́tò gbé e yí ìlú, àwọn èèyàn ń da bébà wẹ́wẹ́ lé e lórí láti ojú fèrèsé ilé gogoro. Adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan ṣoṣo tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún ṣáájú ni Jesse Owens tó ń sáré ìje.

Mi ò bá ẹ wí jù fún Venus tí o dárúkọ. Láti 1958 tí Althea gba ti Amẹ́ríkà kẹ́yìn, obìnrin adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kankan ò tún dá nìkan gba ìkankan nínú ìdíje mẹ́rin náà títí di 1999 tí Serena gba ti Amẹ́ríkà. Ọdún mọ́kànlélógójì! Ìgbà tí nǹkan bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá padà ṣe é làwọn èèyàn máa ń pè ní àkọ́kọ́.

Màmá, olùkọ́ ni mí ní Iléṣà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní eré olówó ni tẹ́níìsì, pé ọmọ tálákà ò lè dé ìdí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé bàbá Althea lówó lọ́wọ́ ni?

Owó kẹ̀? Inú oko òwú ni wọ́n bí i sí, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1927, ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Silver ní South Carolina. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ làwọn òbí rẹ̀ ti ń dáko, tí wọ́n bá kórè wọ́n á pín in pẹ̀lú onílẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ sí Harlem ní New York, àdúgbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí jù.

Ojú títì tí wọ́n ń gbé níbẹ̀, 143rd Street, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n máa ń dí mọ́ mọ́tò lọ́sàn-án kí àwọn ọmọdé lè ráyè ṣeré. Àwa náà ń dí títì ní Ifẹ̀ àti ní Iléṣà, ṣùgbọ́n ìnáwó òkú la máa ń torí rẹ̀ dí i. Lórí títì yẹn ni Althea ti kọ́ irú tẹ́níìsì kékeré kan tí wọ́n ń fi pátákó gbá, tí pápá rẹ̀ kò tó ti gidi. Ó mọ̀ ọ́n gbá débi pé ní 1939, lọ́mọ ọdún méjìlá, òun ló ta gbogbo obìnrin New York yọ nínú eré onípátákó yẹn.

Ibi tí mo fẹ́ kí o kà sí àwọn ọmọ rẹ létí dáadáa nìyí, kódà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọkùnrin olórin kan tó ń mójú tó àwọn ọmọ lójú títì náà, Buddy Walker lorúkọ rẹ̀, ló wò ó pé ọwọ́ ọmọ yìí ju pátákó lọ. Ó fowó ara rẹ̀ ra rákẹ́ẹ̀tì gidi fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ní 1940, àwọn ará àdúgbò dáwó jọ, wọ́n fi sanwó ẹgbẹ́ tẹ́níìsì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Harlem fún un, kó lè máa rí ẹni kọ́ ọ. Ẹni tó kọ́ ọ níbẹ̀, Fred Johnson, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní. Ọwọ́ kan, ó sì ń kọ́ èèyàn ní tẹ́níìsì! Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ tó bá ní rákẹ́ẹ̀tì tí mo fún wọn ti gbó.

Kí o má bàa kọ́ wọn ní irọ́, sọ fún wọn pẹ̀lú pé ọmọ olóríkunkun ni Althea. Kò fẹ́ràn ilé ìwé rárá. Ó ń sá kúrò ní kíláàsì lọ wo sinimá, ó ń bá ọkùnrin jà, bàbá rẹ̀ tiẹ̀ kọ́ ọ ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá ó ti pa ìwé tì. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ni ní eré ìdárayá mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: òun gan-an lẹni tí olórí ilé ìwé máa ń sọ pé kí a lé, tí èmi máa ń sọ pé kí a fi sílẹ̀ fún mi.

Dókítà méjì ló padà gbà á là, adúláwọ̀ làwọn méjèèjì. Ní 1946, Hubert Eaton gbà á sílé ní Wilmington, ìpínlẹ̀ North Carolina, ó fi sílé ìwé, ó sì ní pápá tẹ́níìsì sínú ọgbà rẹ̀. Tí ilé ìwé bá gba ìsinmi, Althea á lọ sọ́dọ̀ Robert Walter Johnson ní Lynchburg, ìpínlẹ̀ Virginia. Dókítà yìí kan náà ló padà kọ́ Arthur Ashe tó gba Wimbledon ní 1975. Àgbàlagbà ẹni ọdún mọ́kàndínlógún ni Althea nígbà tó padà jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké ní kíláàsì. Ó parí rẹ̀ ní 1949, ó lọ sí yunifásítì Florida A&M, ó gba oyè níbẹ̀ ní 1953, lẹ́yìn náà ló lọ ń kọ́ni ní eré ìdárayá ní Lincoln University ní Missouri. Iṣẹ́ tèmi gan-an ló ṣe! Ọdún méjì ló fi ṣe é, ó sì ti fẹ́ pa tẹ́níìsì tì pátápátá kó lọ wọṣẹ́ ológun. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Olórin kan, àwọn aládùúgbò, àti dókítà méjì. O ò rí mínísítà nínú wọn, o ò sì rí olówó tó fẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò òun.

Ẹ káàsán Mà. Akẹ́kọ̀ọ́ OAU ni mí. Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé 1950 ni Althea Gibson tó wọ ìdíje ńlá ilẹ̀ wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣé kò tíì mọ̀ ọ́n gbá ṣáájú ìgbà yẹn ni?

Ó ti mọ̀ ọ́n gbá tipẹ́, awọ ara rẹ̀ ni wọn ò fẹ́. Nígbà náà, ọ̀tọ̀ ni ẹgbẹ́ tẹ́níìsì àwọn aláwọ̀ funfun, ọ̀tọ̀ ni ti àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916. Láti 1947 ni Althea ti ń gba ti aláwọ̀ dúdú, ọdún mẹ́wàá léraléra sì ni. Kò sí òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé kó má wọ tìkejì. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kó kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ hàn nínú àwọn ìdíje kéékèèké kan ná. Inú ọgbà àwọn aláwọ̀ funfun tí kì í jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú wọlé ni wọ́n sì ti ń ṣe àwọn ìdíje náà. Ẹ rí ọgbọ́n burúkú.

Obìnrin aláwọ̀ funfun kan ló tú u fó. Alice Marble ti gba Wimbledon rí, ó ti gba ti Amẹ́ríkà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní oṣù Keje 1950 ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn tẹ́níìsì tí gbogbo wọn ń kà, ó bi wọ́n pé bí eré yìí bá jẹ́ eré ọmọlúàbí lóòótọ́, kí ló dé tí ìwà wọn ò fi jọ ti ọmọlúàbí? Oṣù Kẹjọ ni wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ kejì ní Forest Hills, pápá tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje Amẹ́ríkà nígbà náà ní New York, ni mi ò lè kà kí ara mi má gbọ̀n. Louise Brough ni wọ́n jọ pàdé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Wimbledon lọ́dún náà. Ẹni tó bá kó géèmù mẹ́fà, tó sì fi méjì ju ẹnìkejì lọ, ló ni sẹ́ẹ̀tì; obìnrin tó bá gba sẹ́ẹ̀tì méjì ló borí. Brough gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ 6-1, Althea gba èkejì 6-3. Nínú ẹ̀kẹta, Althea wà níwájú 7-6, ó ku géèmù kan péré, ni òjò bá dé. Òjò wo? Ìjì ni, àrá sì sán lu ère ẹyẹ idì kan lórí pápá náà, ó wó lulẹ̀. Wọ́n ní kí kálukú máa lọ sílé, ó di ọjọ́ kejì. Bí a bá ní kí a wádìí ohun tí Ṣàǹgó ń wá ní New York lọ́jọ́ náà, ìwé ìròyìn yìí kò ní gbà á.

Gbogbo òru ni Althea fi ro géèmù kan tó kù yẹn, àwọn oníròyìn ò sì jẹ́ kó simi. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Brough gba géèmù mẹ́ta léraléra, 9-7, ó parí. Lójú tèmi, Althea ni ì bá gbà á bí òjò ò bá rọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá rò pé irọ́ ni kó kọ̀wé sí mi. Ọdún méje lẹ́yìn náà, nígbà tó gba ìdíje náà fún ìgbà àkọ́kọ́, Brough kan náà ló nà ní àṣekágbá.

Màmá, mo rí i pé Althea gba ti Faransé 1956 pẹ̀lú 6-0, 12-10. Ṣé wọ́n ṣi 12-10 kọ ni?

Wọn ò ṣì í kọ. Nígbà náà kò sí táìbíréékì tí wọ́n fi ń dá sẹ́ẹ̀tì dúró bó bá di 6-6. O gbọ́dọ̀ fi géèmù méjì ju ẹnìkejì rẹ lọ, bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, kó ṣú. Ọdún 1970 ni Amẹ́ríkà tó mú táìbíréékì wọ ìdíje ńlá tiwọn. Rákẹ́ẹ̀tì onígi ni Althea àti Angela Mortimer tó nà lọ́jọ́ náà sì fi gbá géèmù méjìlélógún yẹn. Mo ti lo onígi rí. Apá máa ń ròyìn rẹ̀ ní òru.

Ìyá aláṣọ ni mí ní ọjà Atákúnmọ́sà, Iléṣà. Ọmọ mi obìnrin ti fi tẹ́níìsì ṣe oúnjẹ, olùkọ́ rẹ̀ sì ní kí n máa náwó sí i. Màmá, ẹ má fi bò fún mi: ṣé èrè wà níbẹ̀? Ṣé Althea tí ẹ ń yìn yìí kú sínú owó?

Ìyá, kò kú sínú owó. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀yin lẹ bèèrè, torí oníṣòwò kì í jẹ́ kí èèyàn fi ìyìn lásán ṣe ìdáhùn.

Nígbà ayé Althea, wọn kì í sanwó fún ẹni tó bá borí ní Wimbledon tàbí ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ń gbowó eré, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Oúnjẹ, ọkọ̀ àti ibi tí wọ́n á sùn nìkan ni wọ́n ń gbà. Obìnrin tí ọbabìnrin bọ̀ lọ́wọ́ padà sílé, kò sì rí owó ilé san. Ìdí tó fi fi ìdíje sílẹ̀ ní 1958 nìyẹn, lórí òkè téńté, nígbà tí kò sí ẹni tó lè nà án. Ó kọrin sínú àwo, ó ṣe eré nínú sinimá kan, ó bá ẹgbẹ́ Harlem Globetrotters káàkiri, tó ń gbá tẹ́níìsì fáwọn èèyàn wò kí àwọn ọkùnrin tó jáde wá gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní 1964 ó bọ́ sídìí gọ́ọ̀fù, òun sì ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun. Ní ibòmíràn wọn ò jẹ́ kó wọ ilé ìpààrọ̀ aṣọ, inú mọ́tò rẹ̀ ló ti ń wọ bàtà. Owó gidi kò jáde níbẹ̀ náà.

Nígbà tó dàgbà, àìsàn dé, owó oògùn àti owó ilé wọ́n ọn. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lórí fóònù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Angela Buxton. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gba ti Faransé àti Wimbledon 1956, ẹlẹ́ni-méjì. Júù ni Buxton, òun náà mọ bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn ọgbà tẹ́níìsì mọ́ èèyàn lójú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mọ ọwọ́ ara wọn. Buxton kọ́kọ́ fowó tirẹ̀ ràn án lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn tẹ́níìsì mọ ipò tí Althea wà. Ni owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, inú àpò lẹ́tà. Ó kú ní oṣù Kẹsàn-án 2003, lẹ́ni ọdún 76.

Ìyá, ayé ti yí padà ṣáá o. Ní 1968 ni wọ́n gbà kí àwọn tó ń gbowó wọ Wimbledon. Lọ́dún náà, ọkùnrin tó borí gba 2,000 pọ́n-ùn, Billie Jean King tó borí láàárín obìnrin gba 750. Pápá kan náà, òógùn kan náà! Ní 1970, òun àti àwọn obìnrin mẹ́jọ mìíràn kó ara wọn jọ ní Houston, kálukú fọwọ́ síwèé iṣẹ́ lórí dọ́là kan péré, wọ́n sì dá ìdíje tiwọn sílẹ̀. Ní 1973 ìdíje Amẹ́ríkà gbà láti san iye kan náà fún ọkùnrin àti obìnrin. Wimbledon ò gbà títí di 2007, Venus Williams ló sì kọ́kọ́ gba owó ọgbọọgba náà. Serena fi rákẹ́ẹ̀tì gba ohun tó lé ní mílíọ̀nù 94 dọ́là kó tó fi eré sílẹ̀ ní 2022. Ẹ wo ohun tó wà láàárín òun àti Althea.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má wo Serena náwó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbá a kárí ayé ń tọrọ owó ọkọ̀ ni. Okùn rákẹ́ẹ̀tì ń já, bàtà ń jẹ, ìdíje sì máa ń wà ní Èkó àti Àbújá ju ibí lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ máa fi ojú ilé ìwé wò ó. Yunifásítì Amẹ́ríkà ń gba ọmọ tó bá mọ tẹ́níìsì, wọ́n á san owó ilé ìwé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Nduka Odizor ọmọ Nàìjíríà ṣe dé yunifásítì Houston, kó tó di pé ó na Guillermo Vilas, ògbóǹtarìgì ọmọ Ajẹntínà, ní Wimbledon 1983 tí ariwo sọ. Nítorí náà, bí olùkọ́ ọmọ yín bá ní kí ẹ mú owó wá, ẹ bi í pé báwo ni ìwé kíkà rẹ̀ ṣe ń lọ sí. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ wá olùkọ́ mìíràn.

Mo kí yín. Bàbá àgbàlagbà ni mí ní Mọdákẹ́kẹ́. Kí ọmọbìnrin máa fi síkẹ́ẹ̀tì péńpé sáré kiri kò dára. Ta ni yóò fẹ́ irú wọn?

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Ọkọ méjì ni Althea fẹ́ láyé ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ní 1965, ẹ̀ẹ̀kan ní 1983. Ti Serena ẹ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n: oyún wà nínú rẹ̀ nígbà tó gba ti Ọsirélíà ní 2017, ó bímọ lọ́dún náà, ó sì dé àṣekágbá Wimbledon ní 2018. Ní ti síkẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ ká fi àwọn ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹsẹ̀ gbé.

Ẹ káàárọ̀ Mà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, ní Ilé-Ifẹ̀. Mo fẹ́ kọ́ tẹ́níìsì, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti pẹ́ jù, pé ọmọ ọdún mẹ́rin ni Serena bẹ̀rẹ̀. Mi ò sì ní rákẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ mi, Althea ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tó gba Wimbledon. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ fún ara rẹ̀ nísinmi. Wá ògiri kan tí kò ní fèrèsé, kí o sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Pátákó pẹlẹbẹ tó tó ọwọ́ rẹ ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri náà títí yóò fi máa padà sọ́dọ̀ rẹ láìjẹ́ pé o ń sáré tẹ̀lé e, má sì wọ sálúbàtà, bàtà onírọ́bà tó mú ẹsẹ̀ ni kí o wọ̀.

Rákẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́wọ́ mi tí ọmọ ọmọ mi ti dàgbà jù lọ. Okùn rẹ̀ ṣì le. Kí ìyá rẹ bá olótùú ìwé ìròyìn yìí sọ̀rọ̀, wọn yóò júwe ilé mi fún un. Kó má wá lọ́jọ́ Àìkú o, n kì í tètè ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.